Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín mi jẹ́: ṣé ìtọ́jú ṣì lè ràn mí lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ọkùnrin ẹni ọdún 52 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìgbà tí orí bá ń fọ́ mi nìkan ni mo máa ń lo oògùn. Ní báyìí, dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti ba kíndìnrín mi jẹ́. Creatinine mi (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń yọ jáde) jẹ́ 1.9, eGFR mi (ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó) jẹ́ 42, purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bákan náà ló rí. Wọ́n ní n kò ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún mi ní losartan àti amlodipine. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ losartan, creatinine mi gòkè sí 2.2, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Ṣé kì í ṣe oògùn yìí ló ń pa kíndìnrín mi lọ? Ẹnìkan ní kí n dá a dúró, kí n máa mu egbòogi tó ń fọ kíndìnrín. Ṣé kíndìnrín mi ṣì lè padà bọ̀ sípò, àbí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù tí wọn yóò so mí mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yín sílẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n lè fún yín ní èsì tó ṣe pàtó. Ẹ má ṣe dá losartan dúró fúnra yín. Creatinine tó kúrò ní 1.9 tó di 2.2 kò tíì gòkè tó ìdá 20 nínú 100, àwa tí à ń tọ́jú kíndìnrín sì máa ń retí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú oògùn yìí. Ọdún mẹ́sàn-án tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín fi ga láìsí ìtọ́jú tó ṣe déédéé ni ó ṣeé ṣe jù pé ó ba kíndìnrín yín jẹ́, oògùn tí ẹ ń bẹ̀rù rẹ̀ yìí sì wà lára àwọn tó lè fa ìbàjẹ́ náà sẹ́yìn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń pa oògùn náà tì, tí wọ́n á sì padà wá bá wa nígbà tí ohun tí a lè ṣe fún wọn ti dín kù.

Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ tíńtìntín tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ni a sì fi dá asẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lójúmọ́, nǹkan bíi 180 lítà omi ni àwọn asẹ́ wọ̀nyí ń sẹ́ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀. Ara máa ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ padà, lítà kan sí méjì péré ló sì ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Nígbà tí ìfúnpá bá ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, ògiri òpó kékeré tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú asẹ́ á máa nípọn, ojú ọ̀nà inú rẹ̀ á máa dín, títí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé inú asẹ́ náà kò fi ní tó mọ́. Asẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á kú, àpá á sì gba ipò rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù á wá máa ṣe iṣẹ́ àwọn tó ti kú mọ́ tiwọn, ìfúnpá inú wọn á ga ju bó ti yẹ lọ, purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò gba inú wọn bọ́ sínú ìtọ̀, àwọn náà á sì máa bàjẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa tún máa ń tú èròjà kan tí à ń pè ní renin sínú ẹ̀jẹ̀. Renin ni ó ń ṣí ọ̀nà fún èròjà mìíràn, angiotensin, tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara fún pọ̀, kí ara sì máa dá iyọ̀ dúró. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ba kíndìnrín jẹ́, tí kíndìnrín tó bàjẹ́ náà sì ń ti ìfúnpá sókè sí i.

Gbogbo èyí ló ń ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi orí fífọ́ díwọ̀n ìfúnpá yín mọ́ láéláé. Ẹni tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 170 lè máa sùn dáadáa, kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, nígbà tí asẹ́ inú kíndìnrín rẹ̀ ń kú lójoojúmọ́.

Losartan ń dènà iṣẹ́ angiotensin. Ọ̀kan lára ohun tí èyí ń fà ni pé òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú asẹ́ á là sí i, ìfúnpá inú asẹ́ á sì rọlẹ̀. Bí ó bá ti rọlẹ̀, omi tí asẹ́ ń sẹ́ á dín díẹ̀, creatinine inú ẹ̀jẹ̀ á sì gòkè díẹ̀. Asẹ́ kankan kò kú nípa èyí. Ẹrù tó wúwo jù ni a sọ̀ kúrò lórí wọn, purotéènì tó ń jò sínú ìtọ̀ á sì dín kù ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà ìtọ́jú fi sọ pé bí creatinine kò bá gòkè ju ìdá 30 nínú 100 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn náà tàbí tí a fi kún un, kí a máa bá a lọ. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ dókítà ni láti wá ìdí: bóyá omi ti gbẹ lára aláìsàn, bóyá ó ń lo oògùn ìrora tó lòdì sí kíndìnrín, tàbí bóyá òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín méjèèjì ti dín lójú. Tiyín kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ni iye potassium inú ẹ̀jẹ̀ yín, nítorí losartan lè mú un gòkè, potassium tó bá sì ga jù lè da ìlù ọkàn rú. Ó yẹ kí wọ́n ti wò ó pẹ̀lú creatinine yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá wò ó, ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹbí oògùn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí. Ọ̀kan ni ti losartan, valsartan àti telmisartan; èkejì ni ti lisinopril, enalapril àti ramipril, tí wọ́n máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, tí ó sì lè mú kí ètè àti ahọ́n wú lójijì fún àwọn díẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì. Ọ̀kan nínú ẹbí méjèèjì ni a ń lò, a kì í pa wọ́n pọ̀, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé lílò wọ́n pọ̀ ń fa ewu potassium àti ewu fún kíndìnrín láìfi èrè kún un. Obìnrin tó lóyún kò gbọ́dọ̀ lo èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lórí ọ̀rọ̀ yín ni ti ìwádìí AASK, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú 1,094 ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní àìsàn kíndìnrín tí wọ́n kà sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, láìní àtọ̀gbẹ. Àwọn tó lo ramipril ni kíndìnrín wọn pẹ́ jù kí ó tó burú sí i, ju ti àwọn tó lo amlodipine tàbí metoprolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, lọ. Èyí kò sọ amlodipine di oògùn burúkú. Oògùn tó dára ni fún dídín ìfúnpá kù, ó sì tọ́ kí ẹ máa lò ó pẹ̀lú losartan, ṣùgbọ́n nígbà tí purotéènì bá wà nínú ìtọ̀, kò yẹ kí òun nìkan dá dúró. Bí ọrùn ẹsẹ̀ yín bá wú nítorí rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó rò pé kíndìnrín ló ti burú sí i.

Ó ṣeé ṣe kí oògùn kẹta wọlé, èyí tó ń mú kí ara da iyọ̀ àti omi jáde. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń mú wọn tọ̀ léraléra, ṣùgbọ́n kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í lè da iyọ̀ jáde bó ti yẹ, iyọ̀ tó dúró yìí sì ni ó máa ń jẹ́ kí ìfúnpá kọ̀ láti rọlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti lo oògùn méjì. Chlorthalidone, ọ̀kan lára irú oògùn yìí, tí a ti rò tẹ́lẹ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí kíndìnrín bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, fi hàn nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021 pé ó dín ìfúnpá kù gan-an fún àwọn tí eGFR wọn wà láàárín 15 sí 29.

Oògùn kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí nínú ohun tí ẹ kọ sí mi: dapagliflozin tàbí empagliflozin. Ìtọ́jú àtọ̀gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn aláìsàn kan fi máa ń dá a padà, tí wọ́n á ní àwọn kò ní ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìwádìí DAPA-CKD ti 2020, tí ènìyàn 4,304 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé dapagliflozin dín ewu kí kíndìnrín burú púpọ̀, kí ó kú pátápátá, tàbí kí àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn pa ènìyàn kù ní ìdá 39 nínú 100, àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ sì jẹ èrè náà. Empagliflozin fi irú èrè bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìwádìí mìíràn tí ènìyàn tó lé ní 6,600 kópa nínú rẹ̀. Àwọn náà lè mú creatinine gòkè díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, fún ìdí kan náà tí losartan fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fa yíyún ojú ara, a sì máa ń dá wọn dúró bí iṣẹ́ abẹ bá ń bọ̀ tàbí bí ènìyàn kò bá lè jẹun. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí oògùn tuntun tó fún mi ní ìrètí tó bẹ́ẹ̀ fún irú aláìsàn tí ẹ jẹ́.

Iye wo ni kí ìfúnpá yín jẹ́? Ohun tí mo máa ń bá ẹni bíi tiyín lé ni kí nọ́ńbà òkè wà lábẹ́ 130, kí ti ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ 80. Àjọ KDIGO, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín fún gbogbo àgbáyé, lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2021, ó ní kí nọ́ńbà òkè wà lábẹ́ 120 fún ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á, tí a bá wọn ìfúnpá náà bó ṣe yẹ. Ìwádìí SPRINT ti 2015 ni ó gbé ìyẹn ró: àìsàn ọkàn àti ikú dín kù láàárín àwọn tí wọ́n lé nọ́ńbà òkè wọn dé abẹ́ 120, bí kò tilẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín fúnra rẹ̀ pẹ́ sí i. Ọkàn ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, nítorí láàárín àwọn tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀ díẹ̀, àwọn tí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń pa pọ̀ ju àwọn tó ń dé orí ẹ̀rọ lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà yín yóò fi fẹ́ fún yín ní oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí yóò sì bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ nínú sìgá bí ẹ bá ń mu ún. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde, ẹ jẹ́ kó mọ̀, nítorí ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ jù náà ní ewu tirẹ̀.

Ẹ gbìyànjú láti ní ẹ̀rọ ìwọnfúnpá tiyín nílé, irú èyí tí a ń so mọ́ òkè apá. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá yín sì wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn yín. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, fún ọjọ́ méje ṣáájú ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rí dókítà, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò dùn mọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ fò. A kò gbọ́dọ̀ tètè gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa àìsàn kíndìnrín, nítorí àìsàn kíndìnrín náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ṣòro nígbà mìíràn láti mọ èyí tó ṣáájú. Bí dókítà ojú bá rí àpá ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹyinjú yín, bí àyẹ̀wò ọkàn bá fi hàn pé iṣan rẹ̀ ti nípọn, tí purotéènì inú ìtọ̀ kò sì pọ̀ jù, a lè gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, bí purotéènì bá pọ̀ gan-an, tàbí bí eGFR bá ń já wálẹ̀ kíákíá, ó yẹ kí wọ́n wá àìsàn mìíràn tó ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi jíìnì APOL1 kan, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣẹ̀ wá, lè mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ bí ènìyàn bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Láàárín wọn, púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àìsàn kíndìnrín ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ní ọwọ́ jíìnì yìí nínú. Kò yí ìtọ́jú tí mo ṣàlàyé padà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdí pàtàkì fún àwọn ọmọ yín àti àwọn tí ẹ jọ bí lọ́mọ ìyá láti lọ wọn ìfúnpá wọn, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wọn wò.

Ní ti egbòogi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mu ún. Kò sí ohun tó ń fọ kíndìnrín. Kíndìnrín ló ń fọ ohun tí a bá mu. Ìtọ̀ tó ń ya púpọ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn mu àpòpọ̀ kan kò túmọ̀ sí pé kíndìnrín ti sàn, nítorí omi lè máa jáde kí ìdọ̀tí sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ewéko kan wà, bíi irú àwọn tó ní èròjà olóró tí à ń pè ní aristolochic acid, tí a mọ̀ dájú pé wọ́n ti pa kíndìnrín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó sì ń ta àpòpọ̀ kì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac: wọ́n ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín kù, wọ́n ń gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì léwu púpọ̀ nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ losartan àti oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀. Paracetamol ní ìwọ̀n tó tọ́ ni kí ẹ lò bí ara bá ń ro yín. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú yín tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò dúró lára, ẹ pe dókítà yín kíákíá, nítorí a lè ní kí ẹ fi losartan sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ títí ara yóò fi balẹ̀, kí ẹ sì padà sí i.

Iyọ̀ ni ohun tó tóbi jù lọ nínú oúnjẹ. Kí gbogbo iyọ̀ tó wọ ẹnu yín lójúmọ́ má ṣe ju gíráàmù márùn-ún lọ, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí kékeré kan tí a gé lórí, kí ẹ sì rántí pé èyí tó ti wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ṣe sínú agolo àti páálí wà lára rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí àfirọ́pò iyọ̀, nítorí potassium ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì léwu fún ẹni tó ń lo losartan. Ẹ kò ní láti máa febi pa ara yín tàbí kí ẹ sá fún gbogbo purotéènì. Nǹkan bíi gíráàmù 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ wọ̀n lójúmọ́ tó. Bí ẹ kò bá wú, kò sí ìdí láti máa fi ipá mu omi tàbí láti máa ká omi lọ́wọ́ kò.

Ṣé yóò padà bọ̀ sípò? Asẹ́ tó ti di àpá kì í padà di asẹ́, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́kù lè gbé yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. eGFR 42 wà ní ìpele 3b, tó bẹ̀rẹ̀ láti 30 dé 44; ìpele karùn-ún, tí a ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gidi, wà lábẹ́ 15, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ títí yóò fi lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ara yóò sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì hàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní ìpele yín ni kò ní dé ibẹ̀ láéláé, pàápàá bí ìfúnpá bá rọlẹ̀ tí purotéènì sì dín kù. Nítorí náà ẹ béèrè iye albumin, irú purotéènì tó ń jò, inú ìtọ̀ yín ní nọ́ńbà, kí ẹ má ṣe gba “ó wà” tàbí “kò sí”: lábẹ́ 30 mg/g ló dára, èyí tó bá lé ní 300 sì ń kìlọ̀ fún wa pé ọ̀ràn náà lè yára. Nọ́ńbà yìí ni yóò sọ fún wa bóyá ìtọ́jú ń jẹ́.

Bí eGFR bá wá lọ sí nǹkan bí 20 lọ́jọ́ iwájú, ìgbà yẹn ni a ó bẹ̀rẹ̀ ètò, kí a má bàa bá pàjáwìrì pàdé. Ohun tó dára jù ni ìrọ́pò kíndìnrín, tí wọ́n ti ń ṣe láṣeyọrí láti 1954, a sì lè ṣe é kí ènìyàn tó dé orí ẹ̀rọ rárá bí olùfúnni bá wà. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń gba wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti so òpó ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ ní apá ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Láti ìsinsìnyí, ẹ ní kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ yín láti ẹ̀yìn ọwọ́, kí wọ́n sì dá òpó apá tí ẹ kì í fi ṣiṣẹ́ sí.

Fún àkókò yìí, ẹ máa lo oògùn méjèèjì lójoojúmọ́, ẹ tún creatinine àti potassium yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì béèrè kí wọ́n fi yín hàn dókítà kíndìnrín. Bí mímí bá ṣòro fún yín, bí ìtọ̀ bá dín kù lójijì, bí àyà yín bá ń lù ségesège tàbí tí gbogbo ara ń rẹ̀ ẹ́ yín láìnídìí, tàbí bí nọ́ńbà òkè bá lé ní 180 pẹ̀lú orí fífọ́ líle, ojú tó ń ṣú tàbí àyà dídùn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání.